Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ Sìmúlétọ̀ fún Àwọn Òṣìṣẹ́ Bíríìjì Ọkọ̀ Òkun: Àwọn Ìbéèrè Tó Ń Wá Lemọ́lemọ́

Kí ni sìmúlétọ̀ bíríìjì?

Bíríìjì ni yàrá tó wà lókè ọkọ̀ òkun, níbi tí wọ́n ti ń darí ọkọ̀. Sìmúlétọ̀ bíríìjì ni èyí tí wọ́n kọ́ sórí ilẹ̀, tó sì jọ ti gidi: wíìlì wà níbẹ̀, ọ̀pá tí wọ́n fi ń pàṣẹ fún ẹ́ńjìnì wà níbẹ̀, rédà, ECDIS tó jẹ́ ṣáàtì òkun orí kọ̀ǹpútà, rédíò VHF, àti tẹlifóònù tó lọ sí yàrá ẹ́ńjìnì. Níbi tó yẹ kí fèrèsé wà, ojú àwòrán ńláńlá ló yí yín ká. Yàrá kejì ni olùkọ́ wà. Òun ni òkun, òun ni ìjì, òun ni ọkọ̀ tó ń bọ̀ lápá ọ̀tún, òun náà ló tún ń dáhùn lórí VHF bí ẹni pé èbúté ló ń sọ̀rọ̀.

Gbogbo wọn kò dọ́gba. Iléeṣẹ́ DNV tó máa ń yẹ̀ wọ́n wò pín wọn sí ìsọ̀rí A, B, C àti S. A ni èyí tó pé pérépéré, S wà fún iṣẹ́ kan pàtó. Kí ẹ tó sanwó, ẹ bi ilé ẹ̀kọ́ náà pé ìsọ̀rí wo ni tiwọn, torí pé ẹni tó ní kọ̀ǹpútà mẹ́ta lórí tábìlì náà máa ń sọ pé òun ní sìmúlétọ̀.

Ṣé kì í ṣe géèmù lásán?

Ọkọ̀ inú géèmù máa ń dúró bí ẹ bá ní kó dúró. Ìlànà ìdarí ọkọ̀ tí IMO, àjọ àgbáyé tó ń bójú tó ìrìnnà ojú omi, gbé kalẹ̀ fàyè gba ọkọ̀ tó ń sáré tán kó rìn tó ìlọ́po 15 gígùn ara rẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yí ẹ́ńjìnì padà sẹ́yìn. Bí ọkọ̀ bá gùn ní 200 mítà, kìlómítà 3 nìyẹn. Bó bá fẹ́ yí po, àyè ìyípo rẹ̀ lè fẹ̀ tó ìlọ́po 5 gígùn rẹ̀, ìyẹn kìlómítà kan gbáko.

Ibẹ̀ ni ojú àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ti máa ń là. Wọ́n á yí wíìlì díẹ̀, ọkọ̀ á ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Wọ́n á fi kún un. Nígbà tí imú ọkọ̀ bá wá bẹ̀rẹ̀ sí í yí lóòótọ́, kò ní fẹ́ dúró mọ́, wọ́n á sì máa sáré yí wíìlì sódì kejì.

Kí ni BRM, kí ló sì pa á pọ̀ mọ́ ọkọ̀ òfuurufú?

BRM (Bridge Resource Management) ni ọgbọ́n lílo gbogbo èèyàn àti gbogbo irinṣẹ́ tó wà ní bíríìjì, kó má baà jẹ́ pé orí ẹnì kan ṣoṣo ni ẹ̀mí gbogbo ọkọ̀ dúró lé. Ọ̀dọ̀ àwọn awakọ̀ òfuurufú ló ti wá. Ní March 27, 1977, bàálù ńlá méjì forí gbárí lórí ilẹ̀ ní Tenerife, èèyàn 583 kú. Ẹnjiníà tó wà nínú bàálù KLM béèrè bóyá bàálù Pan Am ti kúrò lójú ọ̀nà. Ọ̀gá rẹ̀ ní ó ti kúrò. Ẹnjiníà náà kò béèrè mọ́.

Àwọn ọlọ́kọ̀ òkun gba ẹ̀kọ́ yìí lọ́wọ́ wọn nítorí pé irú ìdákẹ́jẹ́ bẹ́ẹ̀ pọ̀ lójú omi pẹ̀lú.

Ta ni òfin sọ pé ó gbọ́dọ̀ kọ́ ọ?

Àdéhùn àgbáyé STCW ti ọdún 1978, lórí ìdánilẹ́kọ̀ọ́, ìwé ẹ̀rí àti ìṣọ́ àwọn atukọ̀, ni òfin tó de gbogbo wa. Àtúnṣe tí wọ́n ṣe sí i ní Manila lọ́dún 2010, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní January 1, 2012, ló sọ BRM di dandan fún ọ́físà tó ń ṣọ́ ọkọ̀ tí ìwọ̀n rẹ̀ tó 500 GT (ìwọ̀n bí inú ọkọ̀ ṣe tóbi tó) tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀gá ọkọ̀ àti igbákejì rẹ̀ náà ní ẹ̀kọ́ ìdarí èèyàn tiwọn.

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń ṣì gbọ́. Rédà àti ARPA, ẹ̀rọ tó ń bá rédà tọpa àwọn ọkọ̀ mìíràn, ni STCW sọ pé orí sìmúlétọ̀ ni ẹ gbọ́dọ̀ ti kọ́ wọn, láìsí àní-àní. Ní ti BRM, ẹ lè fi ìdánilẹ́kọ̀ọ́, ìrírí ojú omi tàbí sìmúlétọ̀ ṣe ẹ̀rí. Ìjọba tó ń fúnni níwèé ẹ̀rí ló máa sọ èyí tó fẹ́, sìmúlétọ̀ ni wọ́n sì sábà máa ń mú.

Níbo la ti lè kọ́ ọ nítòsí?

Ní Nàìjíríà, Maritime Academy of Nigeria wà ní Oron, ní Ìpínlẹ̀ Akwa Ibom. Ọ̀pọ̀ tún máa ń lọ sí Regional Maritime University ní Accra. NIMASA, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ọkọ̀ òkun, ló ń fún ọ́físà ní ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ ní Nàìjíríà, torí náà ọ̀dọ̀ wọn ni kí ẹ ti kọ́kọ́ béèrè bóyá wọ́n fọwọ́ sí ilé ẹ̀kọ́ náà, àti bóyá wọ́n fọwọ́ sí ẹ̀kọ́ tí ẹ fẹ́ sanwó fún gan-an. Ọ̀tọ̀ ni kí wọ́n fọwọ́ sí ilé ẹ̀kọ́, ọ̀tọ̀ ni kí wọ́n fọwọ́ sí ẹ̀kọ́.

Ṣé ó lè dí àlàfo oṣù ojú omi?

Rárá o. Oṣù 12 lójú omi ni STCW ń béèrè lọ́wọ́ kádẹ́ẹ̀tì tó gba ẹ̀kọ́ tí wọ́n fọwọ́ sí, tó sì kọ ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀ délẹ̀. Ẹni tí kò bá gba irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ máa lo oṣù 36. Àwọn orílẹ̀-èdè kan, bí Amẹ́ríkà, lè ka wákàtí sìmúlétọ̀ mọ́ díẹ̀ nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má fi ìyẹn ṣètò ayé yín.

Báwo ni ìdánrawò kan ṣe máa ń lọ?

Ìpele mẹ́ta ni. Àlàyé ṣáájú: ibo la ń lọ, irú ọkọ̀ wo ni, báwo ni omi àti afẹ́fẹ́ ṣe rí, ta ló ń ṣe kí ni. Ìdánrawò fúnra rẹ̀, tó máa ń gba nǹkan bíi wákàtí kan. Lẹ́yìn náà, àtúnyẹ̀wò. STCW fúnra rẹ̀ ló ní kí àlàyé ṣáájú àti àtúnyẹ̀wò wà.

Ẹnì kan á jẹ́ ọ̀gá ọkọ̀, ẹnì kan á máa ṣọ́ ipò ọkọ̀ lórí ṣáàtì, ẹnì kan á wà nídìí rédà nítorí àwọn ọkọ̀ mìíràn, ẹnì kan nídìí wíìlì, ẹnì kan á máa fi ojú lásán ṣọ́ òkun. Bí èèyàn kò bá tó, ẹni tó ń ṣọ́ ipò ọkọ̀ náà ló máa gbé VHF. Ìdánrawò kejì, wọ́n á pààrọ̀ ipò. Olùkọ́ tó mọṣẹ́ máa ń fi ọ̀gá ọkọ̀ gidi sídìí wíìlì nígbà kan, kó lè gbọ́ bí àṣẹ tirẹ̀ ṣe ń dún létí ẹlòmíràn.

Inú àtúnyẹ̀wò ni ẹ̀kọ́ wà. Olùkọ́ á dá àwòrán rédà àti ohùn yín padà, á dá a dúró síbi kan, á wá bi ọ́físà pé, "Ní 10:42 yìí, ta lo rò pé ó rí ọkọ̀ ẹja yẹn?" Èèyàn mẹ́rin á dáhùn. Mẹ́ta nínú wọn á ní àwọn rí i, kò sì sẹ́nì kan tó sọ ọ́ jáde. Bí ilé ẹ̀kọ́ kan bá ń ge àtúnyẹ̀wò kúrú kí ìdánrawò lè pọ̀ sí i lójúmọ́, owó yín ni wọ́n ń jẹ.

Kí ló dé tí a fi ń tún àṣẹ sọ bí odídẹrẹ́?

Nítorí pé etí máa ń tan èèyàn. Bó ṣe ń lọ nìyí: ọ́físà á ní "Starboard ten" (ìwọ̀n mẹ́wàá sí ọ̀tún). Ẹni tó wà nídìí wíìlì á tún un sọ: "Starboard ten". Á yí i. Bí ìtọ́kọ̀ bá dé ibẹ̀, á jíṣẹ́: "Wheel is starboard ten". Ọ́físà á wo aago tó ń fi ipò ìtọ́kọ̀ hàn, yóò sì dáhùn. Ẹsẹ̀ mẹ́rin ni, wíwo aago yẹn ni wọ́n sì máa ń gbàgbé jù. Ẹnu lè sọ "starboard" kí ọwọ́ yí sí òsì.

Lóru January 13, 2012 tí ọkọ̀ èrò Costa Concordia kọlu àpáta nítòsí erékùṣù Giglio ní Ítálì, tí èèyàn 32 sì kú, ìwádìí fi hàn pé ẹni tó wà nídìí wíìlì ṣi àwọn àṣẹ kan gbọ́ ní ìṣẹ́jú tó kẹ́yìn. Òun kọ́ ló gbé ọkọ̀ sún mọ́ àpáta, àmọ́ ẹ ò ní fẹ́ kí irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ kún èyí tó ti wà nílẹ̀.

Ta ló ni ọkọ̀ lọ́wọ́ nísinsìnyí?

Ẹni tó bá fi ẹnu sọ ọ́ ni. Bí ọ̀gá ọkọ̀ bá wọlé, tó dúró, tó ń wo rédà, ọ̀dọ̀ ọ́físà ni àṣẹ ṣì wà títí ọ̀gá á fi sọ pé "I have the con" (ọwọ́ mi ni ìdarí ọkọ̀ wà), tí ọ́físà á sì dáhùn pé "You have the con". Ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ lórí sìmúlétọ̀ ni pé ọ̀gá á pàṣẹ kan ṣoṣo, "yí díẹ̀ sí ọ̀tún", á sì dákẹ́. Láti ìgbà yẹn, ọ́físà rò pé ọ̀gá ti gbà á, ọ̀gá rò pé ìmọ̀ràn lòun fún un. Ọkọ̀ ò sí lọ́wọ́ ẹnì kankan.

Bẹ́ẹ̀ náà ni wíìlì. Ní August 21, 2017, ọkọ̀ ogun Amẹ́ríkà USS John S. McCain kọlu ọkọ̀ epo kan nítòsí Singapore, atukọ̀ 10 sì kú. Wọ́n ń gbé ìṣàkóso ọkọ̀ láti ìdí ẹ̀rọ kan sí òmíràn, wọ́n sì rò pé wíìlì ti kú. Kò kú. Ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn ló wà.

Kí ló yẹ kó wà nínú ètò ìrìn-àjò?

Ìlànà IMO, A.893(21), pín in sí mẹ́rin: kíkó ìsọfúnni jọ, síṣètò, títẹ̀ lé e, àti ṣíṣọ́ ọ. Láti ibi tí wọ́n ti tú okùn dé ibi tí wọ́n tún máa so ó ni, kì í ṣe láti ẹnu òkun. Ó gbọ́dọ̀ fi ibi tí a kò gbọ́dọ̀ dé hàn, ibi tí a ó ti yí wíìlì, ibi tí ọkọ̀ kò lè padà sẹ́yìn mọ́ bó bá ti kọjá a, àti ohun tí a máa ṣe bí ẹ́ńjìnì bá kú kí a tó débẹ̀ tàbí lẹ́yìn rẹ̀.

Ìṣirò omi abẹ́ ọkọ̀ ló máa ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu jù. Ká ní ṣáàtì sọ pé omi jìn ní 13.0 mítà, omi òkun tó kún lákòókò yẹn (tide) fi 1.0 kún un, ọkọ̀ wa sì rì sínú omi ní 12.0. Mítà 2.0 ló kù lábẹ́ wa, ó dà bíi pé ó pọ̀. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ tó ń sáré máa ń rì sí i. Ìṣirò tí Barrass kọ́ wa fún ojú omi tóóró ni pé kí ẹ fi ìyára sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, kí ẹ tún sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú ìwọ̀n ìrísí ọkọ̀ (block coefficient), kí ẹ wá pín in sí 50. Bí ìrísí bá jẹ́ 0.8, tí ọkọ̀ ń sá ní nọ́ọ̀tì 10, 1.6 mítà ló máa fi rì sí i. Ogójì sẹ̀ǹtímítà péré ló kù. Ẹ dín in kù sí nọ́ọ̀tì 5, 0.4 ló máa fi rì, 1.6 á sì kù sábẹ́. Ìyára dín kù sí ìdajì, rírì dín kù sí ìdámẹ́rin. Kádẹ́ẹ̀tì tó bá ti ṣe ìṣirò yìí lọ́wọ́, tó tún rí bí ọkọ̀ ṣe ń lọ́ra gbọ́ wíìlì lórí sìmúlétọ̀ nítorí omi tó fà sábẹ́ rẹ̀, kì í gbàgbé.

Ṣebí ECDIS ń rí gbogbo nǹkan. Kí ló kù tí a ń kọ́?

Ohun tí ẹ bá ní kó wò ló ń wò. Ní September 18, 2013, ọkọ̀ epo kẹ́míkà Ovit há sórí Varne Bank, òkìtì yanrìn abẹ́ omi ní Dover Strait, láàárín England àti Faransé. Ọ̀dọ́ ọ́físà kan ló fa ìlà ìrìn-àjò gba orí òkìtì yanrìn náà kọjá, ọ̀gá ọkọ̀ kò yẹ̀ ẹ́ wò, ohùn ìkìlọ̀ ECDIS kò sì ṣiṣẹ́. Ìṣẹ́jú 19 kọjá kí ọ́físà tó wà ní ìṣọ́ tó mọ̀ pé ọkọ̀ ti jókòó.

Ti ọkọ̀ èrò Royal Majesty ní June 10, 1995 tún le jù bẹ́ẹ̀. Ó kúrò ní Bermuda, ó ń lọ sí Boston. Láìpẹ́ lẹ́yìn tó gbéra, okùn áńtẹ́nà GPS já. GPS náà kò pariwo; ó kàn yí sí ìṣirò àfojúdá, ó kọ lẹ́tà kéékèèké "DR" sójú, ó sì ń bá iṣẹ́ lọ. Ọkọ̀ kúrò lójú ọ̀nà ní máìlì 17 kó tó há sórí ilẹ̀ abẹ́ omi nítòsí erékùṣù Nantucket. Àwọn aṣọ́nà ti ròyìn omi tó funfun níwájú. Ọ̀gá ti béèrè bóyá wọ́n rí bọ́ọ̀yì tó yẹ kí wọ́n rí. Ọ́físà ní òun rí i, kò sì rí i.

Ìdí nìyẹn tí olùkọ́ fi máa ń já GPS yín láìsọ fún yín. Ó ń wò ó bóyá ẹnì kan máa fi rédà wọn jíjìnnà sí etíkun, tàbí kó wo ìjìnlẹ̀ omi, kó sì béèrè pé kí ló dé tí wọn kò bára mu.

Èmi ni mo kéré jù ní bíríìjì. Báwo ni mo ṣe máa sọ fún ọ̀gá pé ó ń ṣìnà?

Ìbéèrè yìí ló máa ń wá jù látọ̀dọ̀ àwọn ọmọ ilẹ̀ wa, kò sì yà wá lẹ́nu. Ilé tí wọ́n ti ní kí a má wo àgbà lójú la ti wá. Tiwa máa ń dún báyìí: "Sà, ẹ jọ̀ọ́ sà, ó dà bíi pé ọkọ̀ yẹn..." Gbólóhùn náà kò ní parí. Ọ̀gá tó ní nǹkan mẹ́fà lọ́kàn kò ní gbọ́ ìkìlọ̀ nínú rẹ̀. Ọmọ tó ń tọrọ àforíjì ló máa gbọ́.

Ìpele mẹ́rin la ń kọ́. Àkọ́kọ́, béèrè: "Kápútẹ́nì, kí ni ètò yín fún ọkọ̀ tó wà lọ́tùn-ún?" Èkejì, kìlọ̀ pẹ̀lú nọ́ńbà: "Kápútẹ́nì, CPA rẹ̀ jẹ́ 0.2 máìlì, ìṣẹ́jú 9 ló kù." (CPA ni ibi tí ọkọ̀ méjì ti máa sún mọ́ra jù.) Ẹ̀kẹta, kò ó lójú, kí o sì sọ ohun tí o fẹ́ kí ó ṣe: "Kápútẹ́nì, a máa forí gbárí. Ẹ yí sí ọ̀tún báyìí." Ẹ̀kẹrin, bí àkókò bá ti tán, pàṣẹ fúnra rẹ. Lórí sìmúlétọ̀, ìpele kẹta ni ohùn máa ń há. A máa ń tún un ṣe títí tó fi máa jáde láìsí "ó dà bíi pé". "Sà" lè dúró níbẹ̀. Ọ̀wọ̀ kọ́ ni wàhálà, àìpé gbólóhùn ni.

Ẹ kíyè sí i pé nọ́ńbà ló ń bá yín ṣe iṣẹ́ náà. "Ọkọ̀ yẹn ti sún mọ́ wa jù" jẹ́ èrò yín, ọ̀gá lè ní èrò tirẹ̀. "0.2 máìlì" kì í ṣe èrò ẹnikẹ́ni.

Nígbà tí ọkọ̀ ẹrù El Faro rì ní October 1, 2015 nínú ìjì Joaquin, èèyàn 33 bá a lọ. Àpótí tó ń gba ohùn bíríìjì sílẹ̀ fi hàn pé àwọn ọ́físà pe ọ̀gá wọn lórí fóònù lóru, wọ́n dábàá kí ọkọ̀ gba gúúsù. Ó ní kí wọ́n máa lọ. Wọ́n sọ̀rọ̀ o, ṣùgbọ́n orí àbá lọ́rọ̀ náà dúró sí.

Ọ̀gá ọkọ̀ ni mí. Ṣé èyí kò ní sọ mí di yẹpẹrẹ?

Ọ̀gá tó bá sọ níbẹ̀rẹ̀ ìṣọ́ pé, "Bí ẹ bá rí i pé mo fẹ́ kọjá ibi tí a fi àmì sí, ẹ sọ ọ́," kò fi àṣẹ kankan ta. Ìdáhùn yín sí ìkìlọ̀ àkọ́kọ́ ló ṣe pàtàkì. Ẹ jágbe mọ́ kádẹ́ẹ̀tì lẹ́ẹ̀kan péré nítorí ìkìlọ̀ tí kò tọ̀nà, ẹ ò ní gbọ́ èyí tó tọ̀nà.

Bí páílọ́ọ̀tì bá ti gun ọkọ̀, ta ló ni ẹ̀bi?

Páílọ́ọ̀tì ni ẹni tó ń gun ọkọ̀ òkun wá láti tọ́ ọ sọ́nà wọ èbúté. Páílọ́ọ̀tì mọ èbúté, ọ̀gá mọ ọkọ̀, ọrùn ọ̀gá ni gbogbo rẹ̀ ṣì wà. Panama Canal nìkan ni ibi tí gbogbo ayé mọ̀ pé ó yàtọ̀, níbẹ̀ páílọ́ọ̀tì ló ń ṣàkóso. Yálà ẹ ń wọ Èkó ni tàbí Kùtọnu, kí ẹ tó jẹ́ kó bẹ̀rẹ̀, ẹ jọ sọ̀rọ̀: ìwọ̀n tí ọkọ̀ rì, ohunkóhun tó bàjẹ́, iye tọ́ọ̀gì tó ń bọ̀ àti ibi tí wọ́n máa so wọ́n mọ́, ìyára ní ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ibi tí a kò lè padà mọ́.

Ní November 7, 2007, ọkọ̀ ẹrù Cosco Busan gbéra nínú kùrukùru ní San Francisco, ó sì fẹ̀gbẹ́ gbá òpó afárá Bay Bridge. Páílọ́ọ̀tì ti bi ọ̀gá ọkọ̀ léèrè ìtumọ̀ àmì kan lórí ṣáàtì kọ̀ǹpútà. Ìbéèrè yẹn gan-an ni aago ìkìlọ̀: bí páílọ́ọ̀tì kò bá mọ àmì tó wà lójú ọ̀nà, ẹ dín ìyára kù kí ẹ tó máa bá ọ̀rọ̀ lọ.

Àṣìṣe wo lẹ máa ń rí jù?

Gbogbo ojú á lọ sórí rédà, ojú fèrèsé á ṣófo. Òfin 5 nínú COLREG, òfin àgbáyé tó ń dènà kí ọkọ̀ òkun má forí gbárí, sọ pé ojú àti etí ni kí a fi ṣọ́nà, kó tó wá kan irinṣẹ́ yòókù.

Ìkejì ni yíyí ọkọ̀ ní ìwọ̀n márùn-ún márùn-ún. Ọkọ̀ kejì kò ní rí i lórí rédà rẹ̀. Òfin 8 ní kí ìyípadà tóbi tó kí ẹlòmíràn lè tètè rí i. 30° lẹ́ẹ̀kan sàn ju 5° lẹ́ẹ̀mẹ́fà lọ.

Ìkẹta ni VHF. "Ọkọ̀ tó wà lápá òsì mi, jẹ́ kí n kọjá." Ọkọ̀ mẹ́rin ló wà lápá òsì rẹ. Ẹni tí kò yẹ kó dáhùn á dáhùn, ìṣẹ́jú mẹ́ta á sì ti lọ nínú mẹ́fà tó kù. Òfin ti sọ ẹni tó máa yà. Ẹ ṣe ohun tó sọ.

Kí ni sìmúlétọ̀ kò lè kọ́ wa?

Àárẹ̀ àti àìsí nǹkan kan. Ẹni tó bá wọ sìmúlétọ̀ mọ̀ pé nǹkan máa ṣẹlẹ̀, ojú rẹ̀ á là kedere. Lójú omi, ìṣọ́ wákàtí mẹ́rin lè kọjá láìrí ju iná ọkọ̀ ẹja kan lọ. STCW ní kí atukọ̀ sinmi ó kéré tán wákàtí 10 nínú 24 àti 77 nínú ọjọ́ 7. Ẹ̀rọ BNWAS sì wà tó máa ń kébòòsí bí ẹnikẹ́ni kò bá fọwọ́ kàn án láàárín àkókò tí wọ́n yàn, láti ìṣẹ́jú 3 sí 12. Kò sí sìmúlétọ̀ tó lè ṣe aago mẹ́rin òwúrọ̀ fún yín.

Bí omi ṣe ń ti ọkọ̀ méjì tó sún mọ́ra ni èkejì. Kọ̀ǹpútà ń ṣírò rẹ̀, àmọ́ ó ní ibi tó mọ. Àwọn kan tún máa ń lọ sí Port Revel nítòsí Grenoble ní Faransé, níbi tí wọ́n ti ń wa ọkọ̀ kékeré tó jẹ́ ìdá kan nínú 25 ọkọ̀ gidi lórí adágún. Nítorí ìwọ̀n yẹn, àkókò ibẹ̀ ń sáré ní ìlọ́po 5. Ìṣẹ́jú kan fún ìpinnu tí ì bá gba márùn-ún.

Ṣé wọ́n lè lo ohùn àti àwòrán ìdánrawò mi lòdì sí mi níbi iṣẹ́?

Ó dá lórí ohun tí ẹ fọwọ́ sí. Ìdánrawò fún ẹ̀kọ́ àti ìdánwò fún ìwé ẹ̀rí kì í ṣe ọ̀kan náà, kò sì yẹ kí wọ́n pa wọ́n pọ̀ lọ́jọ́ kan náà láìsọ fún yín. Bí iléeṣẹ́ yín ló sanwó, ẹ béèrè ṣáájú: ta ló máa rí fáìlì náà, ìgbà wo ni wọ́n máa pa á rẹ́, ṣé ìròyìn orúkọ kọ̀ọ̀kan ló ń lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá iléeṣẹ́ àbí ti gbogbo ẹgbẹ́. Kí ìdáhùn náà wà lórí ìwé kí ẹ tó wọ yàrá.